Ẹran tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìnáwó, ìkòkò ẹ̀wà ló yẹ kó gbà á

  

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ la fẹ́ bá yín sọ lónìí. A mọ̀ pé àwọn kan á rẹ́rìn-ín pé ṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀wà la wá fẹ́ jókòó lé lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún wa. Àwọn àgbà ló sọ pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ohun tó sì ń dùn wá ni pé nílẹ̀ wa níbí, a máa ń da oúnjẹ nù lónìí, kí ebi tó pa ọmọ wa lọ́la.

Ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe ń rí. Bí ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ bá ti ń súnmọ́ tòsí, ọ̀nà Savalou á kún fún ọkọ̀, torí ọdún iṣu ti dé. Àwọn ọmọ ìlú á ti Kútọ̀nú, Parakou àti Nàìjíríà wọlé. Iṣu tuntun á jáde, wọ́n á gún iyán, ewúrẹ́ àti adìẹ á sì kú. Bí Iléyá bá dé, àgbò ni. Bí Kérésì bá dé, adìẹ ni. Bí àgbàlagbà bá sì papò dà, a máa ń pa màlúù kí ayé lè mọ̀ pé òkú olọ́mọ la ń sin. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ẹni tó bá ní èèyàn ló ń ná owó fún èèyàn.

Ọjọ́ kejì ìnáwó ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹran tó kù?

Ẹ jẹ́ ká fi ti ilé tiwa ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ń ta òun lábùkù. A sin àgbà kan nínú agbo ilé wa. Màlúù kan la pa, pẹ̀lú ewúrẹ́ mẹ́ta. A jẹ, a mu, àlejò jẹ, wọ́n tún dì lọ sílé. Nígbà tí òru ń lọ, ìkòkò ńlá kan ṣì kù tí ẹran inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Ó ti rẹ gbogbo obìnrin ilé. Ẹnìkan dé ìkòkò náà, ó gbé e sí igun ilé ìdáná, kálukú lọ sùn. Ooru mú lóru ọjọ́ náà. Ọjọ́ kejì, àlejò ni a ń sìn sọ́nà láti àárọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹnìkan tó rántí ìkòkò. Nígbà tó ṣí i, ó ti ń yọ ìfófò, ó ti kan.

Ẹ̀yìnkùlé la dà á sí. Ajá jẹ ẹ́. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹrin, àwọn ọmọ agbo ilé yẹn kan náà ń fi ata lásán jẹ ẹ̀kọ.

Ìyá wa àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀wà wà nílé, igi ìdáná wà nílé, ẹran wà nílé. Kí ló wá dí yín lọ́wọ́?" Ìyàwó ilé kan dáhùn pé, "Ẹ má bínú, ìyá, ó ti rẹ̀ wá ni." Ìyá dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ó rẹ̀ yín lóòótọ́. Àwọn ọkùnrin ńkọ́?" Kò sí ẹni tó rí èsì fún un nínú àwa ọkùnrin.

Láti ọjọ́ náà la ti ń rò ó. Èrò wa rèé: ẹran tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìnáwó, inú ẹ̀wà ló yẹ kó wọ̀, lóru ọjọ́ náà gan-an, kí gbogbo ẹni tó wà nínú ilé rí i jẹ, pàápàá àwọn ọmọ kéékèèké.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan láìtan ara wa. Ta ló ń jẹ ẹran nínú ilé wa? Èyí tó tóbi jù, ti baálé ni. Èyí tó tẹ̀lé e, ti àlejò ni. Ìyá á mú tirẹ̀, àwọn ọmọ tó dàgbà á mú tiwọn. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó jókòó sí ìdí àwo, ọbẹ̀ ló máa lá, bóyá kí wọ́n ju egungun sí i. Nígbà kan, wọ́n tilẹ̀ máa ń sọ pé ọmọ tí a bá fún ní ẹran jẹ, olè ni yóò dà. A ò bú àwọn àgbà wa o. Ẹran ṣọ̀wọ́n láyé ìgbà yẹn, wọ́n sì ń wá ọ̀nà tí ọmọdé kò fi ní máa yọ́ ṣí ìkòkò. Ṣùgbọ́n ara ọmọdé ló ń dàgbà, òun ló sì nílò oúnjẹ gidi jù nínú gbogbo wa.

Ìwádìí lórí ìlera àwọn ará ìlú tí wọ́n ṣe jákèjádò ilẹ̀ Benin ní ọdún 2017 sí 2018 fi hàn pé ju ìdajì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lọ ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ibà wà lára ohun tó ń fà á, aràn inú náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ ò ṣeé yọ sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ ọmọ tí a ń sọ: ọmọ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, tó ń rẹ̀ ẹ́ nídìí eré, tó ń sùn ní kíláàsì.

Ibi tí ẹ̀wà àti ẹran ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ gan-an nìyí. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, nǹkan bí gíráàmù 23 sí 25 ló jẹ́ èròjà tó ń mú ara dàgbà. Ẹ̀wà tún ní irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n irin inú ẹ̀wà le fún ara láti gbà. Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde ni. Bí a bá wá jẹ ẹran pẹ̀lú rẹ̀ nínú àwo kan náà, bó tilẹ̀ ṣe díẹ̀, ẹran yẹn á jẹ́ kí ara gba irin inú ẹ̀wà sí i. Ẹran díẹ̀ tí ẹ ń fojú kéré yẹn, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: ó mú ti ara rẹ̀ wá, ó tún ṣí ilẹ̀kùn fún ti ẹ̀wà.

Gàrí tiwa ńkọ́? Gàrí Savalou ti lókìkí káàkiri ilẹ̀ Benin, a ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Agbára ni gàrí ń fún ni. Èròjà tó ń mú ara dàgbà kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀. Ọmọ tó ń mu gàrí láàárọ̀ tó tún ń jẹ ẹ̀bà lálẹ́, inú rẹ̀ á kún, ara rẹ̀ kò ní le. Ṣùgbọ́n bí a bá bu ẹ̀wà tó ní ẹran, tí a wọ́n gàrí sí i lórí, tí a da epo pupa sí i, oúnjẹ pé.

Ẹ tún wo ọ̀nà tí a fi ń pín in. Ká ní ààbọ̀ kílò ẹran ló kù, tí ẹni mẹ́wàá sì wà nílé. Bí a bá gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ní ọwọ́ gígùn ló máa jẹ ẹ́ tán. Ìjà lè dé, àwọn ọmọ á sì máa wo ẹnu àgbà. Ṣùgbọ́n bí a bá ya ẹran náà sí wẹ́wẹ́ tí a dà á sínú kílò kan ẹ̀wà, tó ń wú ju ìlọ́po méjì lọ bó bá jinná, kò sẹ́ni tó lè ṣa ẹran kúrò níbẹ̀ mọ́. Ṣíbí tó bá wọ inú àwo, ẹran á bá a jáde. Ọmọ ọdún méjì tí eyín rẹ̀ ò tíì lè fa ẹran ya, òun náà á rí tirẹ̀ jẹ. Àwọn àgbà ní àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò bá ní. Nínú ìkòkò ẹ̀wà, kò sẹ́ni tí kò ní.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní oúnjẹ tálákà ni ẹ̀wà, pé kò yẹ kí èèyàn ṣe ìnáwó ńlá lánàá kó wá máa se ẹ̀wà lónìí. A fẹ́ bi wọ́n: bí a bá bí ìbejì, kí la fi ń ṣe ọdún wọn? Ṣé ẹ̀wà kọ́ ni? Oúnjẹ tí a gbé ka iwájú àwọn tí a kà sí ọmọ ọba, báwo ló ṣe wá di oúnjẹ ìtìjú? Ẹ tún wo òde. Ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ní Toulouse àti Castelnaudary, wọ́n ní ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní cassoulet. Ẹran pẹ́pẹ́yẹ àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà náà títí tí gbogbo rẹ̀ á fi di ọ̀kan. Wọ́n ń fi yangàn, wọ́n ń tà á fún àlejò lówó gọbọi. Ní Brazil, feijoada tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń jẹ, ẹ̀wà dúdú ni pẹ̀lú etí, ẹsẹ̀ àti ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Ní Bahia lọ́hùn-ún kan náà, àkàrà tí àwọn èèyàn wa gbé sọdá òkun ṣì wà lójú pópó títí dòní, acarajé ni wọ́n ń pè é. Èkó ńkọ́? Ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní ẹ̀wà àgànyìn, orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn obìnrin tó ti apá Togo àti Benin lọ ló gbé e débẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn ń gbà lọ́wọ́ wa tó fi ń lówó, a ò gbọdọ̀ máa fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ nílé.

Àwọn mìíràn á ní ẹ̀wà ń fẹ́ inú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà àbáyọ. Ẹ rẹ ẹ̀wà sínú omi láti alẹ́ tàbí fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ da omi yẹn nù. Bó bá hó lẹ́ẹ̀kan lórí iná, ẹ tún da omi àkọ́kọ́ nù, kí ẹ bu òmíràn sí i. Ẹ̀wà tí a rẹ máa ń tètè rọ̀, ìdáhùn sì nìyẹn fún àwọn tó ń sọ pé ẹ̀wà ń jẹ igi àti èédú jù. Àwọn ìyá wa tún mọ káún. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni kí ẹ fi sí i, torí bó bá pọ̀ jù, ẹ̀wà á korò.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ èyí tó ṣe kókó jù, torí a ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ìtorí wa jẹ májèlé. Ẹran tó ti bàjẹ́, ẹ̀wà kò lè tún un ṣe. Bó bá ti ń rùn, bó bá ti ń fà bí ilá, tàbí tó ti ń yọ ìfófò, ẹ dà á nù, ẹ má wo iye tí ẹ rà á. Àwọn kòkòrò àìrí kan wà tó jẹ́ pé májèlé tí wọ́n ti tu sínú ẹran, iná kì í pa á, bó ti wù kó hó tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oúnjẹ tí a ti sè má wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 2 lọ. Bí a bá sì fẹ́ tún un gbé kaná, kó gbóná dé àárín, ó kéré tán dé 70 dígírì. Nínú ilé ìdáná wa, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kó hó dáadáa, kì í ṣe kó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé iṣẹ́ òru ọjọ́ ìnáwó ni. Ẹni tó ní firigò, kó fi ẹran sí i kó tó sùn, nínú àwo tí kò jìn, kó lè tètè tutù. Ẹni tí kò ní, tàbí tí iná mànàmáná ìlú rẹ̀ kò dúró, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Kó gbé ẹ̀wà kaná lóru náà kí ẹran sì wọ inú rẹ̀. Tàbí kó jẹ́ kí ìkòkò ẹran wà lórí ẹyin iná, kó máa gbóná janjan títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tàbí kó gé ẹran sí pẹlẹbẹ, kó fi iyọ̀ pa á, kó tẹ́ ẹ sórí ààrò kí èéfín gbẹ ẹ́. Ẹran tó bá gbẹ dáadáa bẹ́ẹ̀, ẹ ó máa mú díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ẹ̀wà fún ọjọ́ púpọ̀. Ohun tí àwọn ọdẹ wa ń ṣe sí òyà láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.

Báwo la ṣe ń sè é? Ẹ ṣa ẹ̀wà, ẹ rẹ ẹ, ẹ gbé e kaná pẹ̀lú àlùbọ́sà. Ẹ má tíì fi iyọ̀ sí i. Ní àkókò yẹn, ẹ ya ẹran kúrò lára egungun, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Ẹ má da omi ẹran nù, òun ni adùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí egungun wọ inú ìkòkò láti ìbẹ̀rẹ̀, kó máa tu ọ̀rá díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀wà bá ti rọ̀ débi pé ìka méjì lè tẹ̀ ẹ́ fọ́, ẹ da ẹran, omi rẹ̀, ata, iyọ̀ àti irú sí i. Ẹ jẹ́ kó hó pọ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Epo pupa ló kẹ́yìn. Ẹ má fi epo tan ara yín o, torí ẹran ìnáwó ti máa ń ní epo lára tẹ́lẹ̀.

Ẹ lè jẹ ẹ́ pẹ̀lú gàrí, bí àwọn ará wa Fọ̀n àti Màhì ṣe ń jẹ abobo wọn. Ẹ lè dà á pọ̀ mọ́ ìrẹsì, kó di atasi. Bó bá jẹ́ pé iṣu ọdún ló kù pẹ̀lú ẹran, ẹ gé iṣu náà kéékèèké sínú ẹ̀wà, kó rọ̀ bí àsáró. Bó bá jẹ́ àgbàdo tútù lẹ ní, àdàlú ni yẹn. Bí ẹran bá kéré gan-an, tó jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ kan péré, ẹ bó ẹ̀wà, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ gé ẹran náà lúúlúú sínú ọ̀lẹ̀lẹ̀, kí ẹ pọ́n ọn sínú ewé. Bó bá sì jẹ́ omi ẹran nìkan ló kù, ẹ fi se gbẹ̀gìrì, kí ẹ fi jẹ ọkà. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ kò ní béèrè pé ẹran dà.

Ó ku ohun méjì ká tó dákẹ́.

Èkíní, ọ̀rọ̀ tí ìyá wa àgbà bi wá. Bí a bá ń ṣe ìnáwó, a máa ń yan ẹni tó ń mójú tó ọtí, a ń yan ẹni tó ń mójú tó àga, a ń yan ẹni tó ń gba owó. A ò yan ẹnikẹ́ni fún ẹran tó máa kù. Ẹ jẹ́ ká máa yan ẹni méjì láti ọjọ́ tí a bá ń ṣe ìpàdé ìnáwó, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọkùnrin. Obìnrin tó ti dúró nídìí iná láti àfẹ̀mọ́jú, a ò lè tún ní kó wá jí lóru kó máa ṣa ẹ̀wà. Ọ̀dọ́kùnrin lè ṣa ẹ̀wà. Ọ̀dọ́kùnrin lè pọn omi, kó la igi, kó sì máa ṣọ́ iná. Ọwọ́ rẹ̀ kò ní gé. Kílò ẹ̀wà mélòó kan náà yẹ kó wà nínú ohun tí a máa rà fún ìnáwó, kó ti wà ní rírẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Èkejì, bí ẹ̀wà bá jinná tán, ẹ má ṣe tì í mọ́lé. Ilé tí ọmọ wẹ́wẹ́ pọ̀ sí ni kí ẹ kọ́kọ́ bù fún, àti opó tó wà ní ìdojúkọ yín, àti àgbàlagbà tí kò lè rìn wá síbi ìnáwó. Ẹran tútù tí a bá ń pín máa ń dá ìjà sílẹ̀, torí kálukú á ní tòun kéré, tàbí pé àyà ló yẹ kí wọ́n fún òun, kì í ṣe ọrùn. A kò tíì rí ẹni tó bá aládùúgbò rẹ̀ jà lórí ẹ̀wà tó gbóná.

Ọdún iṣu mìíràn ń bọ̀, Iléyá mìíràn ń bọ̀, ìsìnkú kò sì ní ṣe kó má wà. Ní ilé tiwa, a ti ṣe é nígbà ìnáwó tó tẹ̀lé èyí tí ojú fi tì wá. Ìkòkò ẹ̀wà ńlá méjì la sè lóru, àwọn ọkùnrin sì wà níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àlejò tó ń lọ sọ́nà jìn jẹ níbẹ̀ kó tó wọkọ̀, àwọn ọmọ agbo ilé jẹ, àwọn ọmọ aládùúgbò náà gbé àwo wọn wá. Ìyá wa àgbà bu tirẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì fi gàrí nu àwo. Kò sọ nǹkan kan. Àwa náà mọ̀ pé ó dùn mọ́ ọn nínú.

Ire o, ẹ̀yin ará wa. Kí Elédùmarè má jẹ́ ká fi oúnjẹ ṣòfò, kó má sì jẹ́ ká wá a tì.